Orí Kì Í Ṣe Àkàbà: Tíọ́sọ́fì, Iyè Ènìyàn àti Ìran Rírí láti Èkó Àtijọ́ dé Kétu ní Kosofe

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1875, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú New York tí wọ́n pè ní Theosophical Society. Helena Petrovna Blavatsky, obìnrin ará Rọ́ṣíà, Henry Steel Olcott àti William Quan Judge ni ó gbajúmọ̀ jù láàrin àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó para pọ̀ di orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ọgbọ́n tí ó jẹ mọ́ Ọlọ́run lọ. Kò pẹ́ tí olú-ilé ẹgbẹ́ náà fi ṣí lọ sí Adyar, lẹ́bàá Madras ní ilẹ̀ Íńdíà. Ìbéèrè tí ó gbájú mọ́ kì í ṣe tuntun: Kí ni ó wà nínú ènìyàn tí ó ń mọ nǹkan? Níbo ni ohun náà ti wá, níbo ni ó sì ń lọ lẹ́yìn ikú? Báwo ni ayé tí ojú ń rí ṣe so mọ́ èyí tí ojú kò rí?

Yorùbá ti ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́. Orí, ẹ̀mí, ọkàn, iyè, inú àti òjìji ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fi ń dá wọn lóhùn. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé àti olórí ẹ̀sìn ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ èrò tí ó ti òkè òkun wá, yálà ti Bíbélì, ti ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, tàbí ti àwọn ẹgbẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Tíọ́sọ́fì jẹ́ ìyá fún púpọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ yìí yẹ ìfiwéra bẹ́ẹ̀ wò. Kókó rẹ̀ ni pé ìfiwéra náà gbé ọ̀wọ̀ Ifá ga lójú àwọn tí ó ti ń tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀: bí a bá fi àkàbà Tíọ́sọ́fì wọn orí, orí kò ní jẹ́ orí mọ́. Ibi tí ọ̀ràn náà ti kan ènìyàn lára jù lónìí ni àwọn ilé àdúrà àdúgbò bíi Kétu, Mile 12 àti Ìkòsì, níbi tí ìran rírí ti lè yí ìgbésí ayé ẹni padà.

Àkàbà olójú méje

Ìwé méjì ni Blavatsky fi gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jù, *Isis Unveiled* (1877) àti *The Secret Doctrine* (1888). Ó ní ọgbọ́n kan ṣoṣo ni ó wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀sìn ayé, pé àwọn àgbà ọlọ́gbọ́n tí ó fara pa mọ́ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ó pín ènìyàn sí ọ̀nà méje: ara tí ń kú, àwòrán ara tí kò ṣeé dì mú, èémí ìyè, ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́, iyè tí ń ronú, òye tí ó ga ju ìrònú lọ, àti ẹ̀tapàrà kan tí kò yàtọ̀ sí Ẹ̀mí tí ó gba gbogbo àgbáyé kan. Àgbáyé náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ń mí síta, ó sì ń mí sínú fún àìmọye ọdún. Bí ó bá mí síta, ohun gbogbo a jáde. Bí ó bá mí sínú, ohun gbogbo a padà. Ẹ̀mí ènìyàn ń gòkè ní ipele ipele láti ayé dé ayé, òfin ohun tí ó gbìn ní ìgbà kan sì ni ó ń sọ ohun tí yóò ká ní ìgbà mìíràn.

Ète àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà ni láti jẹ́ kí gbogbo ọmọ ènìyàn di ará, láìka ìran, ẹ̀sìn, ipò tàbí àwọ̀ sí. Ní àkókò tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀ Áfíríkà láàrin ara wọn, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Síbẹ̀, *The Secret Doctrine* kan náà kọ́ni pé ìran ènìyàn méje ni yóò dé ayé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, pé ìkarùn-ún ni ó wà lójú ọpọ́n, àti pé àwọn ẹ̀yà kan jẹ́ ìyókù ìran tí àkókò wọn ti kọjá. Àkàbà tí ó ń gbé ọkàn gòkè ni ó tún ń to àwọn ẹ̀yà ayé lé ara wọn lórí. Ọ̀rọ̀ ará kò bá ọ̀rọ̀ àkàbà mu.

Èrò yìí ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1896, W. Scott-Elliot, ọmọ ẹgbẹ́ Tíọ́sọ́fì, tẹ ìwé kan jáde lórí Atlantis, ilẹ̀ tí wọ́n ní òkun gbé mì, tí wọ́n sì kà sí ilé ìran kẹrin. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe láti inú Tíọ́sọ́fì ni ó ti mú èrò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí orí idẹ tí wọ́n so mọ́ Olókun àti àwọn ère alámọ̀ tí ọwọ́ ọlọ́nà kò kù síbì kan lára wọn, kò lè gbà pé baba àwọn ará Ifẹ̀ ni ó ṣe wọ́n. Ó kéde pé òun ti rí ìyókù Atlantis. Ohun tí ó pa òun àti àwọn Tíọ́sọ́fì pọ̀ ni ìgbàgbọ́ pé bí ọgbọ́n jíjinlẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ènìyàn dúdú, ibòmíràn ni ó ti gbà á. Ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn lẹ́yìn náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ Ifẹ̀ ni ó dá orí wọ̀nyí.

Èkó àti àwọn tí ó fi Ifá wé ohun mìíràn

Àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá kò káwọ́ gbera. E. M. Lijadu, oníwàásù ìjọ Áńgílíkà, jókòó ti àwọn babaláwo, ó kọ́ ẹsẹ Ifá, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. *Ọ̀rúnmìlà* jáde ní ọdún 1908. Lójú rẹ̀, Ifá ní ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí Kristẹni mọ̀ kí ó tó wàásù. Ní ọdún 1914, Àlùfáà T. A. J. Ogunbiyi dá ẹgbẹ́ Ògbóni tí ó wà fún Kristẹni sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó di Reformed Ogboni Fraternity nígbà tí ó yá. Ní ọdún 1920, Olorunfunmi Oshiga dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà Adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Èkó bákan náà. Ìjọ yìí sọ Ọ̀rúnmìlà di wòlíì tí Olódùmarè rán sí ènìyàn dúdú, ó sì ń kọ orin, ó ń wàásù, ó ń pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ìjọ Kristẹni. Nígbà tí D. Onadele Epega kọ ìwé lórí àwọn òrìṣà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, *The Mystery of the Yoruba Gods* ni ó pè é: ọ̀rọ̀ awo ni ó fi ṣe àkọlé.

Àwọn mìíràn wá orírun lọ sí ìlà-oòrùn. Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó jáde ní ọdún 1921, mú ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá lọ sí ẹ̀bá Íjíbítì, J. Olumide Lucas sì kọ odidi ìwé ní ọdún 1948 láti fi hàn pé láti Íjíbítì ni ẹ̀sìn Yorùbá ti wá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ràn ilẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀wọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ní ọjà ìmọ̀ tí òyìnbó tẹ́, ẹni tí ó bá ní ìbátan ní Íjíbítì ni wọn yóò bọ̀wọ̀ fún. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà kò jìnnà sí ti Frobenius: ọgbọ́n ilé kò tó, àfi bí ó bá jẹ́ ọmọ ọgbọ́n ibòmíràn.

Ní àkókò kan náà ni ìwé ìmọ̀ awo òkè òkun ń wọ Èkó nínú àpò lẹ́tà. L. W. de Laurence ní Chicago ń ta ìwé àti òrùka fún ẹni tí ó bá fi owó ránṣẹ́, ọjà rẹ̀ sì dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. J. D. Y. Peel, nínú *Aladura* (1968), ṣàkíyèsí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú àwọn Aládúrà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹgbẹ́ bíi AMORC, Eckankar àti Grail Movement rí ọmọlẹ́yìn ní Nàìjíríà, tí ti Grail fi ní ilẹ̀ tirẹ̀ lórí òkè Ìjú ní Èkó. Ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ síra. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ipele, àtúnwá àti ìgòkè ẹ̀mí ni wọ́n ń sọ, bí Tíọ́sọ́fì ti sọ ọ́.

Orí nílé Àjàlá

Ó rọrùn láti to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ojú àkàbà náà. Òjìji yóò dúró fún àwòrán ara, ẹ̀mí fún èémí ìyè, ọkàn fún ìfẹ́, iyè fún ìrònú, orí inú yóò sì di ẹ̀tapàrà tí ó wà lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ́tí sí ìtàn orí, àtò náà a tú.

Wande Abimbola ti ṣe àlàyé ìtàn Àjàlá nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń lọ yan orí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n mú orí tí ó wù wọ́n lójú. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó sì mú owó àti iyọ̀ dání. Lójú ọ̀nà, ó bá ẹni tí ó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fún un ní iyọ̀, ìyẹn sì sọ fún un bí yóò ti ṣe rí Àjàlá. Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí gbogbo ayé, wà ní àjà níbi tí ó sá pa mọ́ sí nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sì bá a yan orí rere. Nígbà tí òjò rọ̀ lójú ọ̀nà ayé, orí àwọn méjì yòókù ṣí. Ti Afùwàpẹ́ kò mira.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn yìí tí àkàbà kò lè gbé. Èkíní ni pé ẹni tí ń mọ orí kì í ṣe òfin tí kò lójú: onígbèsè ni, ẹni tí a lè ràn lọ́wọ́ tí yóò sì ran ni lọ́wọ́ ni. Èkejì ni pé ẹwà òde orí kò sọ bí inú rẹ̀ ti rí. Ẹni tí ó mú orí náà gan-an kò mọ ohun tí ó mú. Ẹ̀kẹta ni pé kì í ṣe gígòkè ni ó gba Afùwàpẹ́ là, bí kò ṣe ìmọ̀ràn baba, iyọ̀ tí ó fún ẹlòmíràn àti gbèsè tí ó bá ẹlòmíràn san. Òwe tí ó ní a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a dé ayé tán ojú ń kán ni, fi kún un pé ènìyàn gbàgbé ohun tí ó yàn. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo, tí ó sì fi ń bọ orí. Bí orí bá jẹ́ ẹ̀tapàrà Ẹ̀mí kan ṣoṣo tí kò lè ṣàṣìṣe, kò sí ìdí láti bọ ọ́.

Kò sì sí iye kan pàtó tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ẹnu kò sí. Nígbà tí William Bascom kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1960, ó fi hàn pé ìdáhùn àwọn tí ó bi léèrè yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Segun Gbadegesin náà tọ́ka sí i pé ọkàn jẹ́ ẹran inú àyà tí ń lù, ó sì tún jẹ́ ibùjókòó èrò. Ẹni tí ó bá ń wá àtò olójú méje yóò pe èyí ní ìdàrúdàpọ̀. Àmọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ pé Ifá ní odù 256, tí odù kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ tí a kò lè kà tán, yóò mọ̀ pé bí ìmọ̀ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìtàn ni a fi ń dá ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ lóhùn.

Babátúndé àti àtúnwá

Ọ̀ràn àtúnwá ni ó dà bí ẹni pé ó sún mọ́ra jù. Tíọ́sọ́fì gbà pé ènìyàn ń padà wá. Yorùbá ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ Blavatsky, ẹni tí ó kú a sinmi fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padà, ibikíbi tí èrè iṣẹ́ rẹ̀ bá sì gbé e sí ni yóò bí i sí. Babátúndé kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé rẹ̀ gan-an ni ó ń padà sí, láàrin àwọn tí ó mọ ojú àti ìrìn rẹ̀. Ọmọ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sì lè jẹ́ òun, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe baba kan náà ní ọ̀run, tí egúngún rẹ̀ ṣì ń jáde. E. Bolaji Idowu, nínú *Olódùmarè* (1962), rí i pé nítorí èyí kò yẹ kí a pe ìgbàgbọ́ Yorùbá ní àtúnwá ní ìtumọ̀ tí àwọn mìíràn fún un. Kì í ṣe ìyà tàbí èrè ni ìpadàbọ̀ náà. Ìfẹ́ ilé ni. Ayé kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí ọkàn ń wá ọ̀nà láti bọ́ nínú rẹ̀. Ọjà ni, ẹni tí ó bá sì náà dáadáa a fẹ́ tún padà wá ná an.

Ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì jíròrò fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé wọn jáde ní ọdún 1986. Ohun tí wọ́n kọ́ ni pé Yorùbá ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́ pẹ̀lú ìmúná. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn sì jẹ́rìí sí, ni ènìyàn mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tí ó kà nínú ìwé, ó gbà á, ó gbọ́ ọ, ìgbàgbọ́ ni. Ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀ bí a bá dán an wò tí ó sì yọrí sí òtítọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Bí a bá gbé Tíọ́sọ́fì sórí òṣùwọ̀n yìí, ibi tí ó ti fúyẹ́ a hàn. Blavatsky ní láti ọwọ́ àwọn àgbà ọlọ́gbọ́n tí ó fara sin ni òun ti ń gba lẹ́tà. Ní ọdún 1885, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìròyìn Richard Hodgson jáde, ẹni tí ó lọ ṣèwádìí ní Íńdíà. Ó ní ẹ̀tàn ni. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń jiyàn ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá dá ẹjọ́ ẹ̀tàn kí ọ̀rọ̀ tó yé onímọ̀ Yorùbá: òǹkàwé tí kò rí àgbà kankan, ìgbàgbọ́ ni ó ní lọ́wọ́, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Kétu: ìran àti àwọn tí ń gbọ́ ọ

Òṣùwọ̀n kan náà wúlò nílé. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 1925, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọdébìnrin, wọ inú ìran ní Èkó lẹ́yìn tí ó lọ wòran àjọ̀dún àwọn Àgùdà. Moses Orímọ́ládé ni wọ́n pè láti gbàdúrà fún un, láti inú èyí sì ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1947, Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ń wá igi kiri, wà nínú igbó ní agbègbè Àjàṣẹ́ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Ìran tí ó rí níbẹ̀ ni ó bí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá. Ìjọ náà dé Mákòkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Kétu ní Kosofe ni olú-ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà sì wá wà. Nígbà tí Oshoffa kú ní ọdún 1985, Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu àtijọ́, ni wọ́n sin ín sí. Kétu ilẹ̀ ọba àti Kétu ọ̀nà Ìkòròdú pàdé nínú ìtàn ọkùnrin kan.

Àwọn tí ó bọ́ bàtà, tí wọ́n wọ aṣọ funfun kọjá láàrin àwọn tí ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12, kò ka Blavatsky. Kì í ṣe ipele ni wọ́n ń gùn. Ẹ̀mí ni ó ń bà lé wọn, gẹ́gẹ́ bí òrìṣà ti ń gun ẹlẹ́gùn ún láyé àtijọ́, bí ìjọ náà tilẹ̀ kọ òrìṣà sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó wà nínú ìran ń sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ń gbọ́ ọ. Nínú ètò yìí, ipò àwọn ènìyàn mẹ́ta náà sí ọ̀rọ̀ kò dọ́gba. Bí aríran bá rí nǹkan ní tòótọ́, òun nìkan ni ó lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé àti olùgbọ́ gbà á gbọ́ ni.

Ibí ni ọ̀ràn ìwé ti di ọ̀ràn ilé. Bí ìran bá ní kí ènìyàn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí yóò ná an kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé àdúrà gbogbo, láìka ẹ̀yà ìjọ sí, ìran a máa dárúkọ ọ̀tá nígbà mìíràn, ọ̀tá náà a sì máa jẹ́ ìyá àgbà tí ó ń gbé nínú yàrá kejì. Ọmọ tí ó bá ka ìgbàgbọ́ sí ìmọ̀ lè ti ìyá rẹ̀ jáde nítorí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Èrò àkàbà ń dá kún ewu yìí, nítorí ó sọ fún olùgbọ́ pé aríran wà ní ipele tí òun kò tíì dé, pé kò sí ẹ̀tọ́ fún un láti béèrè. Nínú Ifá, oníbéèrè a máa gbọ́ ẹsẹ títí yóò fi kan èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Òun ni yóò sọ pé èyí ni. Ẹ̀rí inú tirẹ̀ wà lára ìmọ̀ náà.

Ìgúnlẹ̀

Tíọ́sọ́fì mú ìbéèrè rere wá, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ fún òyìnbó pé ọgbọ́n kò mọ sí Yúróòpù. Ohun tí kò lè ṣe ni láti fi ọgbọ́n ẹlòmíràn sílẹ̀ ní ìdúró rẹ̀, láìfi gbogbo rẹ̀ ṣe ojú àkàbà kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó tí ó wá baba fún Ifá ní Íjíbítì ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rere. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ Yorùbá ni láti fi iyè, ọkàn àti orí dá ọ̀ràn iyè ènìyàn lóhùn láìkọ́kọ́ tú wọn sí èdè ẹlòmíràn, kí wọ́n sì mú òṣùwọ̀n ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ kúrò nínú ìwé lọ sí ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Ìkòsì lè wà tí ibùsùn rẹ̀ rọ̀ mọ́ bóyá ọmọ rẹ̀ ṣì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́.